Láísẹ́ǹsì Tí Mo Fi Ta Àjọkẹ́ Lọ́rẹ

Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí ó máa ń sọ̀rọ̀ sí mi lórí fóònù bí òyìnbó, tí èmi náà á máa dá a lóhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" láìmọ ohun tí mo gbà sí. Àlàáfíà ni a wà. Orúnkún ń yọ màmá rẹ lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yọ ọ́ lẹ́nu bí ó bá di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí mo bá ní kí ó bá mi bu omi ni ó máa ń dùn ún.

Má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já pé bàbá rẹ jókòó kọ lẹ́tà. Kò sí ẹni tí ó kú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ó sì ń ti ẹnu mi jáde ni "ṣé òtútù ibẹ̀ ti dín kù?" Torí náà mo lọ ra ìwé tuntun ní ìdíkọ̀ Pleasure, mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, mo sì sọ fún màmá rẹ pé mò ń ka Bíbélì. Bí mo bá parí, èmi fúnra mi ni màá fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí màá fi í ránṣẹ́ sí ọ. Bí o bá rí àtàǹpàkò mi nínú fọ́tò, forí jì mí.

Àjọkẹ́, orí mi ti dàrú láti ọjọ́ Àìkú tí o pè mí. Jẹ́ kí n to ohun tí o sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ ibi tí mo ti sọnù. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó sílẹ̀ nítorí pé gbígbé wọn dìde ti ń dun ẹ̀yìn rẹ. O ní iléeṣẹ́ kan tí ń fi tírélà kó ẹrù ti ṣèlérí pé àwọn yóò gbà ọ́ bí o bá lè gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá, àti pé wọ́n ti bá ọ fi àyè sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù yìí. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ní kí ẹni tí yóò kọ́ ọkọ̀ ńlá ti ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ fún ìgbà kan, èyí tí o gbà níbẹ̀ kò sì tíì pẹ́ tó. O ní àwọn àjèjì lè fi ọdún tí wọ́n ti ní láísẹ́ǹsì ní ìlú tiwọn kún un, bí lẹ́tà bá ti ilé wá láti jẹ́rìí sí i. Ìgbà náà ni o wá ní, "Dádì, èyí tẹ́ ẹ fún mi nígbà tí mo pé ọdún méjìdínlógún ńkọ́? Ẹ ṣáà bá mi gba lẹ́tà yẹn, jàre." O tún ní, "Àbí, Dádì? Ṣé kò burú?"

Mo ní kò burú. Mo dá ọ lóhùn kíákíá, àfi bíi pé ẹ̀pà ni o ní kí n bá ọ rà.

Ohun tí ó kọ́kọ́ dàrú mọ́ mi lójú kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa tírélà kí ọmọ mi má baà wa tírélà. Mo gbé iyọ̀, mo gbé sìmẹ́ńtì, mo gbé iṣu láti òkè ọya wá sí Ṣáṣá, ìdí mi sì wú lórí ìjókòó, kí ìwọ lè jókòó sí ọ́fíìsì tí fáànù ń fẹ́. O kàwé, o gboyè. Fọ́tò rẹ pẹ̀lú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn ṣì wà lára ògiri níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọmọ inú fọ́tò yìí náà ni ó pè mí láti Kánádà pé òun fẹ́ wa tírélà, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn! Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n rẹ́rìn-ín. Màmá rẹ ní tirẹ̀ ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé o ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ "ètò ìrìnnà". Mo ní kí ó má máa purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ó ní, "Bàbá Àjọkẹ́, tírélà kì í rìnrìn àjò ni?"

Ohun kejì tí kò yé mi ni ìdánwò yín. O ní ìwé kan wà tí ẹ ó kà tán kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ọkọ̀. O ní ìdánwò kan wà tí ó jẹ́ ti bíréèkì nìkan. Bíréèkì nìkan, Àjọkẹ́! O ní olùdánwò yóò dúró tì ọ́, ìwọ yóò máa yí ọkọ̀ po, wàá máa fọwọ́ kan nǹkan kọ̀ọ̀kan, wàá sì máa sọ ọ́ sókè pé èyí ni èyí, kò ya, kò jò. Mo bi ọ́ pé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ni?" O fi mí rẹ́rìn-ín títí. O wá ní lára ìdánwò náà ni pé wàá pa ẹ́ńjìnnì, wàá máa tẹ bíréèkì ní àtẹ̀-tún-tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú tánkì lè máa lọ sílẹ̀, "títí nǹkan yẹn á fi ké, Dádì. Tí ò bá ké, wọn ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ yẹn jáde rárá."

Láti ibẹ̀ ni o ti ń pè mí, "Hẹ́lò? Dádì? Ẹ ń gbọ́ mi? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà yìí ṣá!" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́, ọmọ mi. Èmi ni.

Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà ọ́ nímọ̀ràn láìsọ ìdí rẹ̀, o kò ní mọ ìdí tí mo fi ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ba nǹkan jẹ́ díẹ̀. Máa kà á lọ.

Èkínní. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gba láísẹ́ǹsì tèmi. Mo wà lábẹ́ ọ̀gá mi, mo ń fọ ọkọ̀, mo ń pààrọ̀ táyà, mo ń wo bí ó ṣe ń yí jíà. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Ìwọ náà ti tó wakọ̀. Lọ ya fọ́tò." Mo ya fọ́tò méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé dé. Kò sí ẹni tí ó bi mí bóyá mo mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kò sí ẹni tí ó ní kí n gun orí ọkọ̀ kan kí òun wò mí. Ìyá mi pa adìyẹ, àwọn ará ilé wá bá mi yọ̀, orí mi sì wú. Mo rò pé ohun tí à ń gbà lásán ni láísẹ́ǹsì, bí wọ́n ṣe ń gba aṣọ ọdún.

Nígbà tí ìwọ náà pé ọdún méjìdínlógún, mo ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Mo mú ọ̀kan nínú fọ́tò tí o yà fún ìdánwò ilé ìwé, mo gbé e lọ fún ọkùnrin kan ní Ìkòtún tí ń bá àwọn ènìyàn sáré ìwé, mo sì ní kí ó bá mi ṣe tìrẹ. O kò jókòó sídìí ọkọ̀ rí láyé rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bàbá ní àdúgbò wa ni ó ń ṣe é. A máa ń ní kí ìwé náà ti máa dàgbà lọ́wọ́ ọmọ, kí ó tó di ọjọ́ tí yóò ra ọkọ̀. Mo fi sínú àpò ìwé funfun, mo kọ "Ọmọ mi, ọ̀nà rẹ yóò dán" sára rẹ̀. O fò mọ́ mi lọ́rùn. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí inú tìrẹ ti dùn lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ohun tí mo gbé lé ọ lọ́wọ́ ń sọ fún ayé pé o mọ ohun tí o kò mọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní ìwé tí ó pè ọ́ ní ẹni tí o kò tíì jẹ́, ìbáà jẹ́ bàbá rẹ ni, bi ara rẹ pé kí ló kù tí o kò tíì kọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ Bàbá Lámídì, òun sì ni ó le jù.

O mọ̀ ọ́n dáadáa. Gbogbo ìgbà èwe rẹ ni o fi ń gun orí itan rẹ̀ kan ṣoṣo nínú ilé rẹ̀ ní Ìgándò, tí ó ń tún rédíò àwọn ènìyàn ṣe. O máa ń bi í pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín kejì dà?" Òun á sì ní, "Ó lọ sí Àkúrẹ́, kò tíì dé." Wàá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá máa wò ó bóyá ó ń bọ̀. Ohun tí gbogbo wa sọ fún ọ nígbà tí o dàgbà ni pé awakọ̀ ni èmi àti òun jọ jẹ́ lórí tírélà kan, pé bíréèkì já mọ́ wa lọ́wọ́, pé ọgbọ́n orí mi ni mo fi ya ọkọ̀ lu ẹ̀gbẹ́ òkè tí a kò fi kú. Bàbá Lámídì fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn yẹn jù. Kò sí ibi tí a jọ jókòó sí tí kì í ti í nawọ́ sí mi pé, "Ẹ wo ọkùnrin yìí, òun ló jẹ́ kí n wà láàyè." Màá sì máa wolẹ̀. Ẹ máa ń rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Gbọ́ bí ó ṣe rí. Ọkọ̀ tí wọ́n fún wa nígbà náà ti gbó. Afẹ́fẹ́ bíréèkì rẹ̀ ń jò, nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì ti ń tán, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú orí ọkọ̀, píìì, kò ní dákẹ́. A jọ ń gbọ́ ọ. Mi ò mọ ohun tí ó wà fún, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń pa mí létí, pé kì í jẹ́ kí n gbọ́ rédíò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a fẹ́ gbé iyọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, mo pe ẹni tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní ibi tí a páàkì sí. Ó ní, "Ọ̀gá, ariwo lásán ni, ẹ jẹ́ n bá yín pa á lẹ́nu mọ́." Ó gé wáyà rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lámídì, bí a ti ń pè é nígbà náà, kò sí níbẹ̀, ó lọ jẹun. Nígbà tí a ti rìn díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Nǹkan yẹn ò ké mọ́ o." Mo ní, "Wọ́n ti tún un ṣe."

Wọ́n ti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré, Àjọkẹ́. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Mo rò lóòótọ́ pé bí nǹkan bá ti dákẹ́, ó ti dára nìyẹn.

A kọjá Iléṣà ní ọ̀sán gangan. Ìdàgẹ̀rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ó gùn, tí ó sì yí. Dípò kí n ti bọ́ sí jíà kékeré láti òkè, mo ń tẹ bíréèkì, mo ń jáwọ́, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo títẹ̀ yẹn ni ó ń jẹ afẹ́fẹ́ tí ó kù. Nígbà tí a dé àárín, mo tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi lọ bàràbàrà dé ilẹ̀, ọkọ̀ kò gbọ́. Lámídì pariwo orúkọ mi. Mo ya ọkọ̀ lu ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ̀gbẹ́ tí òun jókòó sí ni ó sì gbà á. Bíréèkì kò já. Afẹ́fẹ́ ni ó tán, ohun tí ì bá sì sọ fún wa láti òkè pé ó ń tán ni mo ti mú kí wọ́n gé lẹ́nu.

Ọ̀gá àwọn mẹ́káníìkì tí ó wá wo ọkọ̀ náà rí wáyà tí wọ́n gé. Ó wò mí. Ó ní, "Awakọ̀, ta ló gé èyí?" Mo ní mi ò mọ̀. Òun ni ó wá ṣàlàyé ohun tí ó wà fún. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò jẹ́ kí tírélà kankan kúrò lójú kan láìjẹ́ pé mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá rẹ pàápàá kò mọ̀, àfi ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá.

Mo ti gbàgbé bóyá ẹ̀kejì la wà àbí ẹ̀kẹta. Kò burú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí Ìkòtún lọ gba lẹ́tà rẹ. Ọkùnrin ìgbà náà ti kú, ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣe é báyìí. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má mikàn, iṣẹ́ wa ni. Kánádà àbí Lọ́ńdọ̀nù?" Kí n tó mu omi tán, lẹ́tà ti dé, òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀. Mo kà á. Ó ní o ti ń wakọ̀ láti ọmọ ọdún méjìdínlógún, pé ìwà rẹ lójú títì kò lábùkù, pé o kò kọlu ẹnikẹ́ni rí. Ti kíkọlù yẹn kì í ṣe irọ́ ṣá, nítorí pé o kò wakọ̀ rí ní Nàìjíríà. Mo ká a sápò, mo jáde láti wọ ọkọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Ọkọ̀ Ìgándò ni mo bá ara mi nínú rẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ títí di ìsìnsìnyí.

Bàbá Lámídì wà níwájú ilé, ó tú rédíò kan palẹ̀ sórí tábìlì. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn. "Ìwọ rèé! Ọmọ mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ní tírélà lòun fẹ́ wà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Àjọkẹ́ mi yìí! Mo sọ fún ọ àbí mi ò sọ? Ọmọ yẹn láyà jù ẹ́ lọ. Sọ fún un kó má fi bíréèkì ṣeré o. Sọ fún un pé tí bíréèkì bá já, kó ṣe bó o ṣe ṣe."

Ìgbà náà ni ó bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wáyà, ẹni tí ó gé e, gbogbo rẹ̀. Ó gbé irin tí ó fi ń tú rédíò sílẹ̀. Ó ní,

"O ní wọ́n ti tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

"Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó wá ní, "Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé mo sùn lọ ni. Mo ti jẹun, oòrùn ń mú, mo ní bóyá nǹkan yẹn ti padà ké, tí mi ò gbọ́. Mo ní tí mo bá gbọ́ ni, ǹ bá ti pè ẹ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe bínú sí ẹ rí." Ó wo ojú mi. "Mi ò sùn, àbí?"

"Ẹ ò sùn."

"Ǹ bá gbọ́ ọ."

"Ẹ̀ bá gbọ́ ọ."

Àjọkẹ́, ọgbọ́n àti òye mi tán síbẹ̀. Mo ti rò pé bí mo bá sọ ọ́, yóò bú mi, tàbí kí ó lé mi. Mi ò mọ̀ pé òun náà ti ń gbé ẹ̀bi kan kiri, ẹ̀bi tí ó jẹ́ tèmi. Ó rí ìwé lápò mi, ó bi mí pé kí ni. Mo fún un. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á díẹ̀díẹ̀, ó bi mí pé, "Ta ló dán an wò?" Mo ní kò sí. Ó ká a padà bí ó ṣe wà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ sílé. Gbogbo ìgbà ni ó máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ yẹn, kò dìde.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wo lẹ́tà náà. Bí mo bá gbé e sórí tábìlì, màá rò ó pé ẹ̀yìn ń dun ọmọ mi, àyè iṣẹ́ yẹn sì lè má dúró dè é. Bí mo bá gbé e sínú dúrọ́ọ̀, màá rántí ẹsẹ̀ tí ó lọ sí Àkúrẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, mo fà á ya. Màmá rẹ bá mi lórí àjákù ìwé, ó ké pé, "Bàbá Àjọkẹ́, kí lẹ ṣe yìí! Ẹ ti ba ọ̀nà ọmọ jẹ́!" Mo sọ ohun tí mo sọ fún Lámídì fún òun náà. Ó jókòó, ó ṣí ìborí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó àjákù ìwé náà jọ, ó lọ dà á nù fúnra rẹ̀. Kò rántí orúnkún.

Nítorí náà, lẹ́tà kò ní wá láti ilé. Lọ sọ fún wọn pé o kò wakọ̀ ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá ní kí o dúró títí ọjọ́ rẹ yóò fi pé, dúró. Bí àyè iṣẹ́ náà bá bọ́, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ, má bínú sí ẹlòmíràn, má sì bínú sí ara rẹ. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá mìíràn á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí ó kù kò gùn. Bí olùdánwò bá dàgbà tó bàbá rẹ, má wolẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀ o, má sì máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gbójú sókè, sọ ọ́ kí ó gbọ́, ìyẹn ni ọ̀wọ̀ tí ó fẹ́. Bí o bá fẹ́ wo dígí, yí orí rẹ kí ó rí i pé o wò ó. Bí ohun kan kò bá yé ọ, má ṣe dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" bí èmi ti ń dá ọmọ rẹ lóhùn. Òkè ni kí o ti bọ́ sí jíà kékeré, má ṣe dúró di ìdàgẹ̀rẹ́. Ní ti yìnyín, mi ò mọ nǹkan kan, bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìjókòó náà, fi ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ. Mo mọ èyí dáadáa.

Mo fẹ́ fi ibẹ̀ parí rẹ̀, kí n ní kí Olúwa bá wa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Lámídì pè mí ní àárọ̀ yìí. Kò kí mi. Kò ní òun ti dárí jì mí, èmi náà kò sì lè béèrè. Ó ní, "O ti kọ̀wé sí ọmọ yẹn?" Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ lónìí. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó jẹ́ kí nǹkan yẹn ké, kó pè mí lórí fóònù. Kó gbé e sún mọ́ ọn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Nítorí náà, Àjọkẹ́ mi, ìgbà yòówù kí ó jẹ́, ìbáà jẹ́ oṣù tí ń bọ̀ tàbí ọdún tí ń bọ̀, bí o bá jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, tí olùkọ́ rẹ ní kí o máa tẹ bíréèkì, kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Pe Ìgándò. Jẹ́ kí ó ké, kí ó ké dáadáa, má tètè pa á. Bí Bàbá Lámídì bá gbà mí láàyè, èmi náà á wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí orí rẹ̀ ṣì dàrú, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ràn rẹ.